Dú, Pọ́n, Fun: Èrò lórí Èdè-Ìperí fún Ìgbóná àti Àwọ̀ Ìmọ́lẹ̀

1. Ohun tí a ń jiyàn lé lórí

Láti ìgbà tí iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ti Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1970, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kìíní dé ọdún kẹfà, kò tún yẹ kí ẹnikẹ́ni máa béèrè bóyá a lè fi èdè wa kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Ìbéèrè tí ó kù ni irú ọ̀rọ̀ tí a ó lò. Ìwé èdè-ìperí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ ní 1984, àti èkejì rẹ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùluyì ṣe olótùú rẹ̀ ní 1990, ti la ọ̀nà fún wa nínú ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ní ti ìmọ̀ físíìsì, iṣẹ́ ṣì pọ̀ nílẹ̀.

Ẹ̀ka kan ṣoṣo nínú iṣẹ́ náà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí níhìn-ín, èyíinì ni bí ìgbóná ohun kan ṣe ń pinnu àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí ó ń ti inú rẹ̀ jáde. Èrò mi ni pé orí ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta tí a ti ní tẹ́lẹ̀, dú, pọ́n àti fun, ni ó yẹ kí a kọ́ èdè-ìperí ẹ̀kọ́ yìí lé, kí a sì yàgò fún àwọn orúkọ tí a túmọ̀ ní olówuuru láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ wa yóò burẹ́wà nìkan ni. Òdìkejì òtítọ́ ni a ó máa kọ́ àwọn ọmọ.

2. Ohun tí ojú ń rí

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ohun náà fúnra rẹ̀.

Nígbà tí alágbẹ̀dẹ bá ti irin bọ inú èédú tí ó ń jó, tí ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ sì ń fi ẹwìrì fẹ́ná, irin náà kì í tètè yí àwọ̀ padà. Ó lè ti gbóná débi pé yóò bó ẹni tí ó bá fọwọ́ kàn án, síbẹ̀ kí ó dú bí ó ti dú tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí ìgbóná rẹ̀ bá tó nǹkan bí 525 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ẹni tí ó bá wò ó nínú òkùnkùn yóò rí i pé ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Nígbà tí ó bá tó nǹkan bí 900, pípọ́n rẹ̀ ti hàn gbangba. Ní nǹkan bí 1,100, ó ti ń sún mọ́ àwọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó pọ́n. Bí ó bá tó 1,300 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti ń fun. Bí alágbẹ̀dẹ bá fi ẹ̀mú yọ ọ́ kúrò nínú iná, ọ̀nà tí ó gbà lọ náà ni yóò gbà padà: yóò ti orí fífun bọ́ sí pípọ́n, kí ó tó tún dú.

Olùkọ́ tí kò sí nítòsí alágbẹ̀dẹ lè fi gílóòbù tọ́ọ̀ṣì ti àtijọ́ hàn wọ́n, irú èyí tí ó ní wáyà tín-ín-rín nínú. Kí ó wá èyí tí a ṣe fún bátìrì mẹ́ta. Bí ó bá so ó mọ́ bátìrì kan, wáyà náà yóò pọ́n bí ògúnná. Bí ó bá so ó mọ́ méjì, yóò mọ́lẹ̀ sí i, pípọ́n rẹ̀ yóò sì dín kù. Bí bátìrì bá pé mẹ́ta, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò máa lọ sí ọ̀nà fífun. Ohun kan náà ni àwọn tí ó ti dàgbà kí gílóòbù LED tó gbòde máa ń rí nínú yàrá wọn ní alẹ́ tí iná mànàmáná kò bá lágbára. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ má ṣe fi LED ṣe àfihàn yìí, nítorí pé kì í ṣe ìgbóná ni ó ń fún LED ní àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀.

Ohun kejì tí ó yẹ kí a ṣe àkíyèsí ni pé irú ohun tí a ń gbóná kò já mọ́ nǹkan púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1792, Thomas Wedgwood, ọmọ Josiah Wedgwood amọ̀kòkò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé pé oríṣiríṣi ohun ni ó ń bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ní ìwọ̀n ìgbóná kan náà. Ní 1847, John William Draper ní New York wọn ìgbóná náà, iye tí ó sì rí ni ó bá 525 tí mo dárúkọ lókè yìí mu. Ìbáà ṣe irin, ìbáà ṣe amọ̀, ìbáà ṣe òkúta, àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí ó ń ti inú rẹ̀ wá ń sọ bí ó ti gbóná tó. Òun ni ó jẹ́ kí onímọ̀ ìràwọ̀ lè mọ ìgbóná ojú oòrùn láìdé ibẹ̀: ó tó nǹkan bí 5,500 lórí òṣùwọ̀n Celsius.

3. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta

Ní 1969, Brent Berlin àti Paul Kay gbé ìwé kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí ọ̀rọ̀ àwọ̀ nínú èdè àgbáyé. Wọ́n ní èdè tí ó bá ní ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ àwọ̀ mẹ́ta péré, dúdú, funfun àti pupa ni yóò jẹ́. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń wo mẹ́ta tí àwa náà ní bí àmì òṣì. Wọ́n ní báwo ni èdè tí kò ní ju àwọ̀ mẹ́ta lọ yóò ṣe sọ ohun tí ó wà nínú ìmọ́lẹ̀?

Ohun tí irú àwọn bẹ́ẹ̀ kò kà sí ni pé, nínú gírámà Yorùbá, ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó wà ní ìdí ọ̀rọ̀ àwọ̀ wọ̀nyí. Ẹ wo àwọn àpẹẹrẹ ìsàlẹ̀ yìí:

(1) a. Irin náà dú.
    b. Irin náà pọ́n.
    d. Irin náà fun.

(2) a. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ti pọ́n.
    b. Irin náà ti pọ́n.
    d. Bíríkì náà pupa.

Bí a bá gbọ́ (2a) tàbí (2b), a mọ̀ pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ sí ohun tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀: kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti di bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n (2d) kò sọ ju bí bíríkì náà ti rí lọ. Bíríkì tútù lè pupa. Ìyàtọ̀ yìí gan-an ni físíìsì ń fẹ́. Pupa tí ó wà lára bíríkì jẹ́ ti ìmọ́lẹ̀ tí ó ti ibòmíràn wá, tí bíríkì náà sì dá apá kan rẹ̀ padà; bí a bá pa fìtílà, kò ní sí mọ́. Pípọ́n tí irin ń pọ́n jẹ́ ti ìmọ́lẹ̀ tí ó ti inú irin náà wá. Bí a bá pa fìtílà, ńṣe ni yóò túbọ̀ hàn. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún méjèèjì, wọ́n sì ní láti fi ọ̀rọ̀ mìíràn tì í lẹ́yìn kí ìyàtọ̀ tó hàn. Àwa ní ìyàtọ̀ náà lọ́wọ́, bí a bá lè fi pupa sílẹ̀ fún àwọ̀ ara nǹkan, kí a sì fi pọ́n sílẹ̀ fún ohun tí ìgbóná ń ṣe.

Kì í tún ṣe pupa níkan ni pọ́n ń tọ́ka sí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó pọ́n kò ní àwọ̀ ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọsàn tí ó pọ́n kò ní àwọ̀ ẹyìn. Láti orí àwọ̀ ẹyìn títí dé orí àwọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀, pọ́n kó gbogbo rẹ̀. Ọ̀nà yìí náà ni irin gbígbóná ń tọ̀ kí ó tó fun. Ẹ jẹ́ kí á tún fi èyí kún un: kò sí ìgbà kankan tí ohun gbígbóná ń ní àwọ̀ ewé lójú wa bí ó ti ń gòkè, nítorí pé nígbà tí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé bá pọ̀ nínú rẹ̀, àwọn ìmọ́lẹ̀ yòókù náà ti pọ̀ tó láti para pọ̀ di funfun. Nítorí náà, mẹ́ta tí wọ́n ní ó kéré kò kéré fún iṣẹ́ yìí.

Ẹnìkan lè sọ pé pọ́n mìíràn wà, tí alágbẹ̀dẹ kan náà ń lò, bí a bá ní "ó ń pọ́n àdá." Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n pọ́n ti àdá máa ń gba àbọ̀, pọ́n ti àwọ̀ kì í gbà á. Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò gbọ́ "àdá náà ti pọ́n nínú iná" tí yóò rò pé wọ́n ti mú un lọ sí ara òkúta.

Bí a bá wá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí di ọ̀rọ̀-orúkọ, a ní láti ṣọ́ra. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì- ni ọwọ́ wa sábà máa ń yá sí. Ṣùgbọ́n bí a bá fi í síwájú fun, ìfun ni yóò fún wa, èyí tí olúkúlùkù mọ̀ sí ohun tí ó wà nínú ikùn. Bí a bá fi í síwájú pọ́n, etí yóò máa retí ìpọ́njú. Nítorí èyí, àpètúnpè ni ó yẹ kí a lò: dídú, pípọ́n, fífun. A ó sì máa sọ̀rọ̀ nípa ìpele dídú, ìpele pípọ́n àti ìpele fífun.

4. Ewu tí ó wà níbẹ̀

Mo ti ní òdìkejì òtítọ́ ni a lè máa kọ́ àwọn ọmọ. Ìdí rẹ̀ nìyí. Nínú àṣà wa, pupa ni ó bá ìgbóná rìn: iná, ata, ẹ̀jẹ̀, Ṣàngó. Funfun ni ó bá ìtutù rìn: ẹfun, àlàáfíà, Ọbàtálá àti gbogbo òrìṣà funfun. Kí ẹ wá sọ fún ọmọ tí a tọ́ báyìí pé irin kan pupa, èkejì funfun. Ẹ bi í léèrè èwo ni ó gbóná jù. Bí ó bá fi àṣà dáhùn, èyí tí ó pupa ni yóò mú. Èyí tí ó fun ni ó sì gbóná jù.

Àṣà tiwa níkan kọ́ ni ó ń ṣini lọ́nà. Ẹ wo ara páálí gílóòbù tí wọ́n ń tà lọ́jà lónìí. Èyí tí wọ́n kọ 2,700 K sí, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń pọ́n díẹ̀, ni wọ́n fún ní orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí funfun lílọ́wọ́ọ́wọ́. Èyí tí wọ́n kọ 6,500 K sí, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fun ju ti àkọ́kọ́ lọ, ni wọ́n pè ní funfun tútù. Iye tí wọ́n kọ àti orúkọ tí wọ́n fún un takora. Òṣùwọ̀n Kelvin ni K dúró fún, èyí tí a ń rí bí a bá fi 273 kún iye ti Celsius. Ohun tí ìgbóná rẹ̀ tó 6,500 kò lè tutù ju ohun tí ìgbóná rẹ̀ jẹ́ 2,700 lọ. Bí atúmọ̀-èdè bá gbé àwọn orúkọ wọ̀nyí wọ èdè Yorùbá bí wọ́n ti rí, àṣìṣe ẹlòmíràn ni yóò gbé wọlé fún wa.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a máa ka ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà tẹ̀ léra wọn nígbà gbogbo, bí ìgbà tí a ń gun àkàbà: dú, pọ́n, fun. Ọmọ tí ó bá ti kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ kò ní bi àṣà léèrè mọ́ kí ó tó dáhùn. Ó ti mọ̀ pé fun ni ó wà lókè.

5. Ohun tí ó wà lókè fun

A kò gbọdọ̀ tan ara wa jẹ. Ibi kan wà tí ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta yìí kò dé. Àwọn ìràwọ̀ kan gbóná ju oòrùn lọ dáadáa. Nínú àkójọ ìràwọ̀ tí a ń pè ní Orion, méjì wà tí ojú lásán lè fi wé ara wọn. Betelgeuse, tí ìgbóná ojú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 3,500 K, ń pọ́n. Rigel, tí tirẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 12,000 K, ti kọjá fífun lásán. Àwọ̀ ojú ọ̀run wà nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀.

Kí ni a ó pe èyí? Àwọn kan yóò dábàá aró. N kò fara mọ́ ọn. Aró jẹ́ ọmọ ilé dúdú nínú èdè wa. Aṣọ tí a bá rẹ lárò tí ó gbó dáadáa, dúdú ni à ń pè é. Bí a bá pe ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tí ó gbóná jù lọ ní ìmọ́lẹ̀ aró, a ti dá akẹ́kọ̀ọ́ padà sí ìsàlẹ̀ àkàbà, sí ọ̀dọ̀ irin tí kò tíì pọ́n.

Ọ̀rọ̀ àyálò tí ó ti di tiwa ni mo yàn, èyíinì ni búlúù. Àwọn alágbàfọ̀ ni ó jẹ́ kí n yàn án. Nígbà tí wọ́n bá ti fọ aṣọ funfun tán, tí wọ́n sì fẹ́ kí ó túbọ̀ fun, búlúù díẹ̀ ni wọ́n máa ń pò mọ́ omi tí wọ́n fi ń ṣàn án. Nítorí náà, ní ọkàn ẹni tí ó mọ iṣẹ́ aṣọ fífọ̀, búlúù kò sí ní ẹ̀gbẹ́ dúdú. Ohun tí ó wà ní iwájú funfun ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí nínú ìmọ́lẹ̀. Ìpele kẹrin yóò máa jẹ́ ìpele fífun-oníbúlúù.

Ní ti ohun tí ó wà láàárín pípọ́n àti fífun, a ní ọ̀rọ̀ àpọ́nlé tí ó tó. Irin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n, a lè ní ó pọ́n díẹ̀. Èyí tí ó hàn gbangba, ó pọ́n fòò. Èyí tí ó ń sún mọ́ fífun, ó pọ́n rúsúrúsú. Kò sí èyí tí ó ṣàjèjì sí etí nínú wọn.

6. Ọ̀rọ̀ lórí "ara dúdú"

Orúkọ kan wà tí mo bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe lò. Ní 1859 àti 1860, Gustav Kirchhoff ní Jámánì fi hàn pé ohun tí ó bá ń gba ìmọ́lẹ̀ sára jù ni ó ń tú ìmọ́lẹ̀ jáde jù bí ó bá gbóná. Ó wá ronú nípa ohun kan tí ó ń gba gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí ó bá bọ́ sí i, tí kì í dá ìkankan padà, ó sì pè é ní orúkọ tí a lè túmọ̀ ní olówuuru sí ara dúdú. Láti inú ìwádìí lórí ìmọ́lẹ̀ irú ohun bẹ́ẹ̀ ni Wilhelm Wien ti rí òfin rẹ̀ ní 1893, tí Max Planck sì ti rí tirẹ̀ ní 1900, èyí tí ó ṣí ilẹ̀kùn físíìsì òde òní. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

"Ara dúdú" kò dára fún ìdí mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ara ẹ̀dá alààyè ni ara máa ń kọ́kọ́ mú wá sí ọkàn, ara ènìyàn dúdú ni ọmọ yóò sì rò. Èkejì, oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ irú ohun tí Kirchhoff sọ yìí pátápátá. Ta ni yóò wo oòrùn ọ̀sán gangan tí yóò pè é ní dúdú? Ẹ̀kẹta, orúkọ náà ń sọ bí ohun náà ti rí nígbà tí ó bá tutù, kò sọ ohun tí ó ń ṣe.

Bí a bá tún padà sí ọ̀dọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe, ọ̀nà yóò là. Ohun náà ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Bí a ti rí ajínigbé láti inú "jí ẹni gbé," bẹ́ẹ̀ ni a lè rí agbémọ́lẹ̀mì láti inú "gbé ìmọ́lẹ̀ mì." Olùkọ́ kò ní wá àpẹẹrẹ rẹ̀ jìnnà. Kí ó mú àwọn ọmọ jáde ní ọ̀sán, kí wọ́n wo fèrèsé tí ó ṣí sílẹ̀ lára ilé tí ó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Ojú fèrèsé náà yóò dú, bí ògiri inú yàrá tilẹ̀ funfun, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tí ó wọlé kò rí ọ̀nà jáde padà tán. Irú ihò kékeré bẹ́ẹ̀ lára àpótí gbígbóná ni àwọn onímọ̀ ní Berlin lò láti ṣe ìwọ̀n tí Planck gbé iṣẹ́ rẹ̀ lé.

Òfin Wien pàápàá kò le láti sọ. Bí ohun kan bá ṣe ń gbóná sí i ni ìgbì ìmọ́lẹ̀ tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń kúrú sí i. Bí a bá fi iye Kelvin pín 2,898, a ó rí gígùn ìgbì náà ní ìdá ẹgbẹ̀rún mìlímítà. Ti oòrùn jẹ́ nǹkan bí 0.50, ó sì wà láàárín ohun tí ojú ènìyàn lè rí, èyí tí ó jẹ́ láti nǹkan bí 0.38 dé 0.75. Ti wáyà gílóòbù tí ó jẹ́ 2,700 K jẹ́ nǹkan bí 1.07, ojú kò rí i, ara ni ó ń mọ̀ ọ́n bí ooru. Ti irin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n tó 3.6. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó yọ sí ibi tí ojú lè rí ni ó ń pọ́n lójú wa.

7. Àbá

Mo dábàá àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí fún àyẹ̀wò àwọn olùkọ́ àti atúmọ̀-èdè:

ìwọ̀n ìgbóná: iye tí òṣùwọ̀n ń sọ, kí a má ṣe pè é ní ooru, nítorí pé omi ife kan àti omi ìkòkò kan lè ní ìwọ̀n ìgbóná kan náà, kí ooru inú wọn má sì dọ́gba.
ìmọ́lẹ̀ ìgbóná: ìmọ́lẹ̀ tí ń ti inú ohun kan jáde nítorí pé ó gbóná.
ìmọ́lẹ̀ àdápadà: ìmọ́lẹ̀ tí ó ti ibòmíràn wá, tí ohun kan sì dá padà.
ìpele dídú, pípọ́n, fífun, fífun-oníbúlúù: àkàbà àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ìgbóná.
agbémọ́lẹ̀mì: ohun tí ń gba gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí ó bá bọ́ sí i.
gígùn ìgbì: ìwọ̀n láti orí ìgbì kan dé orí èkejì.

N kò sọ pé a kò lè rí ọ̀rọ̀ tí ó dára jù wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fi òmíràn rọ́pò wọn kọ́kọ́ bi í léèrè bóyá ọ̀rọ̀ náà yóò jẹ́ kí ọmọ mọ irin tí ó gbóná jù láìfọwọ́ kàn án. Alágbẹ̀dẹ ti ń fi àwọ̀ mọ ìgbóná irin fún ọjọ́ pípẹ́ kí òṣùwọ̀n Celsius tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìmọ̀ náà wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ sì wà lẹ́nu wa. Ó kù kí a kọ ọ́ sínú ìwé tí àwọn ọmọ ń kà.